Bí ẹ bá ń lọ sí Hagi, ògiri ni kí ẹ máa wò

Ibùdókọ̀ ojú irin méjì ló wà ní Hagi, ìlú àtijọ́ kan ní Japan, tí orúkọ wọn jọra, ẹ kọ́kọ́ fi ìyẹn sọ́kàn. Ọ̀kan ń jẹ́ Hagi, èkejì ń jẹ́ Higashi-Hagi. Higashi-Hagi ni kí ẹ sọ̀ sí. Èyí tó ń jẹ́ Hagi gan-an jìnnà sí ọ̀pọ̀ ibi tí ẹ fẹ́ rí. Ilé rẹ̀ rẹwà ṣá o: ọdún 1925 ni wọ́n fi pákó kọ́ ọ, wọ́n sì ṣe é bíi ti òyìnbó. Bí àyè bá yọ lọ́jọ́ kejì, ẹ yà síbẹ̀, ẹ ó rí ère Inoue Masaru, ọmọ Hagi tí àwọn ará Japan ń pè ní bàbá rélùwéè wọn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Fukuoka ni èmi ń gbé, èmi sì ni ẹbí àti ojúlùmọ̀ tó bá wá sí Japan máa ń pè pé kí n mú àwọn jáde. Wọ́n á ti rí Tokyo, wọ́n á ti rí Kyoto, ọrùn á ti máa dùn wọ́n níbi tí wọ́n ti ń wòkè. Hagi ni mo máa ń mú wọn lọ. A ó wọ Shinkansen, ọkọ̀ ojú irin asáré, ní ibùdókọ̀ Hakata, a ó bọ́ sílẹ̀ ní Shin-Yamaguchi, ìyẹn ò tó wákàtí kan. Lẹ́yìn náà la ó wá wọ bọ́ọ̀sì tó ń gba àárín òkè kọjá sí etí òkun ti òdìkejì, wákàtí kan àti díẹ̀ sí i. Ọkọ̀ ojú irin tó ń gba etí òkun náà wà, ìrìn rẹ̀ sì dùn ún wò, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n gan-an. Ẹni tí ọ̀kan bá já sílẹ̀ yóò jókòó pẹ́ kó tó rí òmíràn.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mo mú lọ nígbà kan. A dé ibi tí ààfin olódi wà tẹ́lẹ̀, ó wò yíká, ó ní, "Ààfin ọ̀hún dà?" Mo ní kò sí mọ́. Ó wò mí bí ẹni pé mo fi owó ọkọ̀ rẹ̀ ṣòfò. Nítorí irú ojú yẹn ni mo ṣe ń kọ èyí. Ẹni tó bá ń wá ààfin gogoro kó lọ sí Himeji. Ohun tí Hagi ní ni ìgboro: ojú ọ̀nà, ìkọ̀rọ̀, ọgbà ilé, ògiri. Ẹ kàn gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń wò ó ni.

Bí ìlú náà ṣe débẹ̀

Ìpínlẹ̀ Yamaguchi ni Hagi wà, ní ìpẹ̀kun ìwọ̀ oòrùn erékùṣù ńlá Honshu, lápá òkun tó kọjú sí Kòríà. Àwọn ará ibẹ̀ ò ju nǹkan bí 45,000 lọ, wọ́n sì ń dín kù. Odò Abu ló pín sí méjì kó tó wọ òkun, ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó wà láàárín apá odò méjèèjì sì ni ìlú àtijọ́ jókòó lé. Rélùwéè yí ilẹ̀ náà po láti òdìkejì odò, kò wọ inú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ibùdókọ̀ láàárín ìlú.

Ní 1600, wọ́n ja ogun Sekigahara, ogun tó sọ Tokugawa Ieyasu di ọ̀gá gbogbo Japan. Mori Terumoto, olúwa Hiroshima, ni wọ́n fi ṣe olórí ẹgbẹ́ tó fìdí rẹmi. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ilẹ̀ rẹ̀ ni Tokugawa gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Agbègbè méjì péré ló ṣẹ́ kù fún un, Suo àti Nagato, ó sì kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá sí etí òkun yìí. Ní 1604 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ààfin olódi ní ẹsẹ̀ òkè Shizuki, wọ́n parí rẹ̀ ní 1608. Láti ibẹ̀ ni ìdílé Mori ti ṣàkóso agbègbè méjèèjì náà, tí wọ́n ń pè ní Choshu, fún ohun tó ju 250 ọdún lọ, láìgbàgbé ohun tí Tokugawa fi ojú wọn rí. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń sọ pé lọ́dọọdún, lọ́jọ́ ọdún tuntun, àwọn ìjòyè á bi olúwa wọn bóyá àsìkò ti tó láti gbógun ti Tokugawa, òun á sì dáhùn pé ó ṣì kù díẹ̀. Ìtàn àgbọ́sọ ni, ṣùgbọ́n ìbínú tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe àgbọ́sọ: Choshu wà lára àwọn tó gbé ìjọba Tokugawa ṣubú ní ìkẹyìn.

Ní 1863, olúwa Mori kó ìjókòó ìjọba rẹ̀ kúrò ní Hagi lọ sí Yamaguchi, láàárín ilẹ̀. Ní 1874 wọ́n wó ààfin náà. Láti ìgbà yẹn, ìlú náà bọ́ sẹ́yìn. Iléeṣẹ́ ńláńlá ò wá, rélùwéè pẹ́ kó tó dé, bọ́ǹbù tó jó ọ̀pọ̀ ìlú Japan run nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ò bọ́ sórí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lówó tàbí ìdí tí ó fi máa la títì tuntun gba àárín rẹ̀. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́ àlejò sọ́nà ni ẹ̀dà máàpù ayé àtijọ́, èyí tí wọ́n yà nígbà ayé àwọn sàmúráì, àwọn jagunjagun tó ń sin olúwa. Ẹ mú un lọ́wọ́ rìn. Ẹ ó rí i pé ó ṣì ń júwe ọ̀nà.

Kẹ̀kẹ́ ni kí ẹ gùn

Wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ háyà nítòsí Higashi-Hagi. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí òkè tó máa mú yín mí hẹlẹ. Bọ́ọ̀sì kékeré tó ń yí ìlú ká náà wà, Maaru ni wọ́n ń pè é, ọ̀nà méjì ló sì pín sí: ọ̀kan ń jẹ́ orúkọ Shoin, ó ń lọ apá ìlà oòrùn, èkejì ń jẹ́ orúkọ Shinsaku, ó ń lọ apá ìwọ̀ oòrùn. Owó rẹ̀ ò pọ̀. Àmọ́ yíyí ló ń yí, kì í ṣẹ́rí padà, nítorí náà ibi tó wà lẹ́yìn yín níbí lè gba àkókò gígùn kí ẹ tó débẹ̀. Agbàlagbà tí kò lè gun kẹ̀kẹ́ ni mo máa ń fi sínú rẹ̀.

Ìwọ̀ oòrùn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, láàárọ̀, ní ibi ààfin. Kòtò omi rẹ̀ ṣì wà, òkúta ìpìlẹ̀ ilé gogoro alájà márùn-ún náà ṣì wà. Wọn ò tún un kọ́, mo sì dúpẹ́ pé wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má kàn ya fọ́tò kí ẹ sì kúrò. Bí ẹsẹ̀ bá gbé yín, ẹ gun òkè Shizuki tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Gíga rẹ̀ ò ju mítà 143 lọ, inú igbó tútù lọ̀nà ń gbà. Lókè, ẹ ó rí àwọn òkúta ràgàjì tí ihò kéékèèké tò lé lára lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ fi ìka kàn án. Àwọn agbẹ́kùúta ló gbẹ́ ihò wọ̀nyẹn sórí ìlà kan, kí wọ́n lè ki èèkàn bọ̀ ọ́, kí wọ́n máa gbá a títí òkúta yóò fi là sí méjì. Òmíràn wà tí wọ́n ti gbẹ́ ihò sí tán, tí wọn ò là mọ́. Láti nǹkan bí irínwó ọdún sẹ́yìn ló ti ń dúró de òòlù.

Ògiri àti ọsàn

Ẹ̀yìn ibẹ̀ ni Horiuchi, àdúgbò tí àwọn ìjòyè ńlá ń gbé láyé àtijọ́. Kòtò omi ti ìta ló pín in níyà sí ìgboro àwọn yòókù, ẹnubodè mẹ́ta ni wọ́n sì ń gbà wọlé. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọ́n á tì í, ẹni tí kò níwèé àṣẹ ò ní kọjá. Ọ̀kan nínú ẹnubodè náà, ti apá àríwá, ni wọ́n tún kọ́ ní 2004.

Ibí ni kí ẹ ti sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé ńlá àwọn ìjòyè ò sí mọ́, àmọ́ ògiri ọgbà wọn ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹ sún mọ́ ọn dáadáa. Òkúta ni ìsàlẹ̀ àwọn kan, amọ̀ sì ni òkè. Àwọn mìíràn, wọ́n to awẹ́ páànù amọ̀ sáàárín ẹrẹ̀ ní ìlà-ìlà. Àwọn kan wà tí wọ́n rẹ́ ní funfun, tí ẹ̀fúùfù òkun ti ṣí awọ rẹ̀ lápá kan. Lórí gbogbo wọn, ẹ̀ka igi ọsàn á ti yọrí síta, ọsàn ńláńlá oníyẹ́lò á sì ń mì lórí yín.

Kí ló dé tí wọn ò fi wó ògiri nígbà tí wọ́n wó ilé? Ọsàn yẹn ni. Nígbà tí ìjọba tuntun ti Meiji, èyí tó rọ́pò ti Tokugawa, fagi lé owó tí àwọn sàmúráì ń gbà, ebi wọlé àwọn tí kò mọ iṣẹ́ mìíràn yàtọ̀ sí idà àti ìwé. Ọdún 1876 ni ọ̀rọ̀ náà bú jáde. Maebara Issei, ẹni tó ti di ipò gíga mú nínú ìjọba Meiji fúnra rẹ̀ kó tó bínú padà wálé, kó àwọn èèyàn jọ ní Hagi, wọ́n ṣọ̀tẹ̀. Ìjọba tẹ̀ wọ́n rì, wọ́n sì pa á lọ́dún náà. Lọ́dún yẹn kan náà ni sàmúráì mìíràn, Obata Takamasa, bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ọsàn natsumikan. Òun náà ti ṣe ìjòyè, àmọ́ ó ti padà sílé. Ó ń hu irúgbìn, ó sì ń rọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n gbìn ín sínú ọgbà ilé wọn. Ẹ̀fúùfù òkun kì í jẹ́ kí igi ọsàn gbádùn, ògiri gíga ló sì ń gbà á sílẹ̀. Bí ọsàn ṣe di owó nìyẹn, tí ògiri náà di ohun tí kò sẹ́ni tó fẹ́ wó. Lójú tèmi, Obata tọ́ sí ère ńlá ju ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ṣe ère fún lọ.

Àwọn ará ìlú Nagato tó wà nítòsí á sọ fún yín pé ọ̀dọ̀ àwọn ni igi ọsàn náà ti kọ́kọ́ hù, láti inú èso kan tí ìgbì òkun gbé wá sí erékùṣù wọn. Òótọ́ ni, igi ìpilẹ̀ṣẹ̀ náà ṣì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá sì rí i pé irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì jákèjádò ìpínlẹ̀ Yamaguchi jẹ́ àwọ̀ ọsàn, ọ̀rọ̀ natsumikan náà ni. Ọdún 1963 tí wọ́n gbàlejò ìdíje eré ìdárayá gbogbo Japan ni wọ́n ti kùn ún bẹ́ẹ̀.

Oṣù karùn-ún ni òdòdó rẹ̀ ń tú, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo Horiuchi kan. Bí ẹ bá lè yan àsìkò, òun ni kí ẹ yàn. Ọsàn náà fúnra rẹ̀ kan, ó máa fún yín lójú. Ẹ ra èyí tí wọ́n fi ṣe àdídùn: wọ́n á gbo inú ọsàn náà jáde lódindi, wọ́n á fi ṣúgà se èèpo rẹ̀, wọ́n á wá fi àdídùn ẹ̀wà funfun dí inú rẹ̀ padà. Gígé ni wọ́n ń gé e ní pẹlẹbẹ. Díẹ̀ ti tó.

Kí ẹ tó kúrò lápá ibẹ̀, ẹ wá kagimagari, ibi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ògiri gíga. Wọ́n mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é ni, kí ọ̀tá tó bá wọlé má lè rí ohun tó wà níwájú. Ẹ dúró sí àárín rẹ̀. Ẹ ò ní mọ ẹni tó ń bọ̀ àfi bó bá yọ sí yín.

Ìgboro ààfin

Lódìkejì kòtò omi ni ìgboro tí wọ́n tò bí ojú pátákó ayò. Ìkọ̀rọ̀ mẹ́ta ni kí ẹ rìn: Kikuya, Iseya, Edoya. Kikuya gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ oníṣòwò ńlá tí ilé rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ilé tí àwọn aṣojú shogun, ìyẹn olórí ìjọba Tokugawa, máa ń wọ̀ sí. Ẹ sanwó, ẹ wọ ibẹ̀. Ní ìkọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n bí Takasugi Shinsaku ní 1839, ọmọ sàmúráì tó dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun Kiheitai sílẹ̀ ní 1863, ẹgbẹ́ tí àgbẹ̀ àti oníṣòwò ti ń gbé ìbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàmúráì, ohun tí ayé ò rí rí nígbà náà. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló pa á ní 1867, kò rí àyọrísí iṣẹ́ rẹ̀.

Ní Edoya ni ilé Kido Takayoshi wà, ọ̀kan nínú àwọn tó tò ìjọba Meiji. Oníṣègùn ni bàbá rẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni ìwé tó kọ nígbà èwe rẹ̀, tí olùkọ́ fi yíǹkì pupa yìn ín lára. Mo máa ń rí i pé ibẹ̀ ni àwọn àlejò mi máa ń dúró sí pẹ́ jù, pàápàá àwọn tó ń ṣe tíṣà.

Bí ẹ bá fẹ́ ra abọ́

Abọ́ Hagi lórúkọ láàárín àwọn tó ń ṣe ayẹyẹ tíì. Wọ́n máa ń tò ó báyìí: Raku lákọ̀ọ́kọ́, Hagi ìkejì, Karatsu ìkẹta. Àwọn amọ̀kòkò láti Kòríà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọn tí wọ́n kó wá sí Japan nígbà tí Toyotomi Hideyoshi gbógun ti Kòríà láàárín 1592 sí 1598. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan, Yi Jak-gwang àti Yi Gyeong, ló mọ ààrò fún ìdílé Mori. Yi Gyeong gba orúkọ Saka Koraizaemon, orúkọ tí àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ ń jogún láti ìran dé ìran.

Bí ẹ bá gbé abọ́ kan, ẹ kọ́kọ́ dojú rẹ̀ dé. Ìdí ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n gé lẹ́nu níbì kan. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀ kí ẹ wo ara rẹ̀: ẹ ó rí ìlà wẹ́wẹ́ tó sán káàkiri bí ẹrẹ̀ odò tí oòrùn pa. Kì í ṣe àbùkù. Amọ̀ rẹ̀ rọ̀, kò dì mọ́ra, tíì á máa gba inú ìlà wọ̀nyẹn wọlé, àwọ̀ abọ́ náà á sì máa yí padà bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Nítorí ìyẹn, mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n má ra èyí tó ti ní àwọ̀ púpọ̀ jù. Ẹ ra èyí tó ṣì funfun tàbí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín kùn ún.

Bí ẹ bá délé, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi kí ẹ tó lò ó. Ó lè máa sun omi nísàlẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ẹ má dààmú, á dí bó bá yá. Ẹ má fi jẹ ọbẹ̀ elépo, ẹ má gbé e sínú makirowéèfù. Lẹ́yìn lílò, ẹ fọ̀ ọ́ kíá, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ dénú kí ẹ tó kó o pamọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á bu.

Apá ìlà oòrùn

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ẹ sọdá odò Matsumoto lọ sí ojúbọ Shoin. Inú ọgbà rẹ̀ ni Shokasonjuku wà, ilé ẹ̀kọ́ tí yàrá rẹ̀ àkọ́kọ́ ò gbà ju ẹní tatami 8 lọ. Nígbà tí ibẹ̀ kún, àwọn ọmọ ilé ìwé fúnra wọn ló kọ́ ẹní 10 àti ààbọ̀ kún un. Wọn kì í jẹ́ kéèyàn wọlé, ìta lẹ ó ti máa yọjú. Ẹ ó rí àwòrán àwọn ọmọ ilé ìwé náà tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri.

Olùkọ́ wọn ni Yoshida Shoin, ọmọ sàmúráì onípò kékeré, tí wọ́n bí ní 1830. Ní 1854, ó wakọ̀ lóru lọ bá ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà tí ọ̀gágun Perry kó wá sí Shimoda, pé kí wọ́n gbé òun lọ kí òun lọ kọ́ ìmọ̀ wọn. Wọ́n kọ̀. Lílọ sókè òkun jẹ́ ẹ̀sùn ikú nígbà náà, ó lọ jọ̀wọ́ ara rẹ̀, wọ́n sì fi í sẹ́wọ̀n Noyama níhìn-ín ní Hagi, níbi tó ti sọ àwọn ẹlẹ́wọ̀n ẹgbẹ́ rẹ̀ di akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí wọ́n dá a padà sílé pé kó má jáde, yàrá ẹní mẹ́ta àti ààbọ̀ ni wọ́n fi í sí. Ilé náà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́, ẹ wò ó. Ní 1859, wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní Edo. Àkókò tó fi kọ́ àwọn ọmọ ní Shokasonjuku kúrú gan-an, àmọ́ Takasugi wà níbẹ̀, Kusaka Genzui wà níbẹ̀, Yamagata Aritomo wà níbẹ̀, Ito Hirobumi náà sì wà níbẹ̀.

Ilé onírù koríko tí Ito gbé nígbà èwe ò jìnnà síbẹ̀. Ní 1863, òun àti Inoue Masaru tí mo sọ lókè wà lára àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Choshu márùn-ún tó yọ́ wọkọ̀ lọ sí London láti lọ kàwé. Inoue padà wá ṣe rélùwéè. Ito di olórí ìjọba àkọ́kọ́ ní Japan ní 1885. Lẹ́yìn náà, ó di aṣojú àgbà tí Japan fi jẹ gàba lórí Kòríà, ọmọ Kòríà kan, An Jung-geun, sì yìnbọn pa á ní Harbin ní 1909. Ẹ ti ra abọ́ láàárọ̀, ẹ ti gbọ́ bí àwọn amọ̀kòkò ṣe dé. Ẹ so méjèèjì pọ̀ bí ẹ bá dúró níwájú ère Ito.

Iléru tí wọ́n fẹ́ fi yọ́ irin fún àgbá ogun wà lápá àríwá. Ọdún 1856 ni wọ́n kọ́ ọ fún ìdánwò. Ọ̀pá èéfín rẹ̀ ga tó mítà 10 àti ààbọ̀. Ó wà lára àwọn ibi márùn-ún ní Hagi tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2015, pẹ̀lú Shokasonjuku àti ìgboro ààfin. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fún un.

Bí ẹ bá ń sùn mọ́jú, ẹ lọ sí Kasayama lọ́jọ́ kejì, òkè ayọnáyèéfín kékeré tí kò ga ju mítà 112 lọ. Láti àárín oṣù kejì sí òpin oṣù kẹta, òdòdó tsubaki á pọ́n gbogbo igbó ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹja tútù ni kí ẹ jẹ nílùú náà, àti ẹja ọmọnílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní aji. Ẹran màlúù Mishima ṣọ̀wọ́n, ó sì wọ́n.

Tó bá jẹ́ oṣù kẹjọ lẹ máa wá, ẹ fi sí ọjọ́ 13 tàbí ọjọ́ 15. Lálẹ́ ọjọ́ 13, wọ́n máa ń tan àtùpà òkúta tó wà ní ibojì àwọn olúwa Mori ní tẹ́ḿpìlì Daishoin, lálẹ́ ọjọ́ 15 ó kan Tokoji, níbi tí àtùpà ti tó nǹkan bí 500. Ẹ gba yàrá òtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ ṣáájú. Ní ọjọ́ yòókù, ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ń gbowó ìwọlé ń tì ní ìrọ̀lẹ́, bọ́ọ̀sì tó ń padà sí Shin-Yamaguchi náà kì í pẹ́ kó tó dáwọ́ dúró. Ẹ ya fọ́tò àkókò rẹ̀ sórí fóònù bí ẹ bá ti ń bọ́ sílẹ̀ láàárọ̀.